Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Ọ̀dà

Bàbá mi ò sọ pé àwọn fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n mi. Aginjù ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí.

A wà nílé Àǹtí ní Glenn Dale, ní Maryland, lọ́jọ́ Àìkú kan. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìrẹsì ti tán nínú àwo, tẹlifíṣọ̀n sì ń fi ibì kan hàn tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju iyanrìn àti àpáta pupa lọ. Bàbá mi na ìka sí i.

"Ṣé ibí yìí náà wà ní Amẹ́ríkà yìí?"

Àǹtí ní ó wà níbẹ̀, pé ó kàn jìnnà ni.

"Láti kékeré ni mo ti ń kà nípa aginjù nínú Bíbélì," Bàbá wí. "N ò tíì fojú rí i. Ẹ mú mi débẹ̀ kí n tó padà sílé."

Àǹtí wò mí, èmi náà wò wọ́n. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń gbé ní aginjù.

Àǹtí yìí, àbúrò ìyá mi ni wọ́n, nọ́ọ̀sì sì ni wọ́n. Àwọn ló fìwé pe Bàbá wá láti Ìbàdàn kí wọ́n wá sinmi lọ́dọ̀ wọn. Èmi ń gbé ní Laurel nígbà náà, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì Route 1, mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Sẹ́kọ́ńdírì gan-an mi ò kà á tán. Lọ́tìrì físà ló gbé mi dé Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ọpọlọ láàárín àwa méjèèjì. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, a jọ dàgbà bí ẹgbẹ́ ni, "ìwọ" la sì máa ń pe ara wa. Ó ti ṣáájú mi dé Amẹ́ríkà láti wá kàwé. Ìwé náà ò ṣeé ṣe, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, títí tó fi bá ara rẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní Arizona, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé epo kan lẹ́bàá títì márosẹ̀. Kò ní ìwé ìgbélùú.

Àìní ìwé yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi ṣì wà n'Ìbàdàn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò lè wá. Tó bá jáde, kò ní lè padà wọlé mọ́. Ó pè wá lórí fóònù, ó ń sunkún débi pé mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n sì gbé e sílẹ̀.

"Ó ní ìwé ni ò jẹ́ kí òun wá," Bàbá sọ fún wa. "Ṣé ìwé ló bí i ni?"

Òun ni àkọ́bí. Nínú ìdílé tiwa, àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè òbí, kí àwọn yòókù tó bù ú. Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, àlùfáà ka ohun tó fẹ́ kà tán, ó dúró, gbogbo èèyàn sì dúró. Ọwọ́ Bàbá ló tì mí síwájú láti ẹ̀yìn. Èmi ni mo bù ú.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n dé Maryland, ẹ̀gbọ́n mi pe ilé Àǹtí, ó ní kí Àǹtí jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun kí Bàbá. Bàbá ní kí wọ́n sọ fún un pé àwọn ti sùn. Wọ́n jókòó síbẹ̀ báyìí, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí Àǹtí gbé fóònù sílẹ̀ tán, Bàbá gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ wọn.

"Ẹ gbọ́ o. Bí ọmọ yẹn bá kí mi, n ò ní dá a lóhùn. Láyé mi."

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ọmọ tó bá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ilẹ̀ ló máa wà títí bàbá á fi dáhùn. Bí bàbá ò bá wá dáhùn ńkọ́? Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Bàbá sì ti sọ pé bí àwọn bá ti wọ bàlúù tó ń lọ sílé, ó parí nìyẹn, àwọn ò tún ní fò mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè lọ sílé, Bàbá ò ní padà wá. Àyè kan ṣoṣo tó kù fún àwọn méjèèjì ni aginjù tí Bàbá ní àwọn fẹ́ rí yìí.

Àwa mẹ́rin la lọ. Ẹnìkẹrin wa ni ọ̀rẹ́ Bàbá, tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà kan n'Ìbàdàn láti ìgbà tí ohùn wọn ò tíì là. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Bowie ni wọ́n wá, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a ń lọ sí aginjù, wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́ kí ọ̀rẹ́ àwọn nìkan lọ pàdé Èṣù níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a gbéra, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ti jẹun. Mo tẹ èbà. Àwo mẹ́ta ni mo ní, nítorí náà mo fi ìkòkò jẹ tèmi, mo sì mú fọ́ọ̀kì láìronú, bí mo ṣe máa ń ṣe bí mo bá dá wà. Bàbá dá òkèlè ọwọ́ wọn dúró.

"Kí lo fẹ́ fi fọ́ọ̀kì yẹn ṣe?"

"Èbà ni mo fẹ́ fi jẹ, sà."

"Ṣé ọwọ́ ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Gbé e sílẹ̀."

Mo gbé e sílẹ̀. Òfin ilé wa ni láti kékeré, ẹni tó bá lọ́wọ́ kì í fi irin jẹ òkèlè. Ìyá mi gan-an kì í dá sí i.

"Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre," ọ̀rẹ́ Bàbá wí. "Ó ti di òyìnbó. O ò rí i pé inú ìkòkò ló ti ń jẹun? Òyìnbó Ìdí Ìkòkò."

Orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pè mí títí a fi lọ tí a fi bọ̀.

Bọ́ọ̀sì kékeré kan la háyà. Àǹtí kó ọbẹ̀ tó ti dì gbagidi sínú kúlà, wọ́n da yìnyín lé e, wọ́n di gààrì sínú ọ̀rá. Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, pé oúnjẹ wà lójú ọ̀nà. Wọ́n bi mí pé oúnjẹ wo. Mo bá wọn gbé kúlà náà wọkọ̀. Àwọn ló ni kúlà, èmi ni mo ni ìdí ọkọ̀, ọ̀rẹ́ Bàbá ló ni ọ̀rọ̀. Bàbá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbé àpò kékeré kan lé orí ẹsẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí n bá wọn gbé e sẹ́yìn.

Mi ò gba àlejò bẹ́ẹ̀ rí. Ní Laurel, bí àlejò bá wá, o lè wọlé lọ díẹ̀, kí o fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Nínú ọkọ̀, kò sí ibi tí o máa wọ̀ lọ. Bí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù bá mú Bàbá, ooru á mú Àǹtí. Bí mo bá sáré, Bàbá á di ilẹ̀kùn mú. Bí mo bá rọra, ọ̀rẹ́ wọn á béèrè bóyá òkú la gbé. Ọjọ́ tí a gba Tennessee kọjá, orin ìjọ ni àwọn àgbàlagbà méjèèjì kọ láti àárọ̀ títí ọ̀fun wọn fi gbẹ, ọ̀kan ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, èkejì ń bú u pé ó ti ṣìnà.

Ibikíbi tí a bá ti dúró ra epo, Bàbá á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa kí èèyàn. Ẹni tó ń nu gíláàsì ọkọ̀, wọ́n á ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹ kú ìjókòó. Yorùbá ni wọ́n fi ń kí gbogbo wọn. Ojú kọ́kọ́ ń tì mí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Àwọn èèyàn náà á mi orí, wọ́n á ju ọwọ́, òmíràn á tilẹ̀ dá wọn lóhùn ní èdè tirẹ̀. Bàbá ní kò sí ẹni tí ò mọ ìkíni bó bá gbọ́ ọ, àfi ẹni tí a ò kọ́ nílé.

Lẹ́yìn Texas, igi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Nígbà tó yá, kò sí igi mọ́. Ilẹ̀ kàn tẹ́ lọ ni, ó pọ́n, igbó ẹlẹ́gùn-ún kéékèèké tò sórí rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ta ọ̀dà sí ara ògiri, òkè sì wà lọ́nà jíjìn tí kì í sún mọ́ni bó ti wù kí o wa ọkọ̀ tó. Orin tán lẹ́nu àwọn àgbàlagbà. Bàbá ṣí gíláàsì, ooru náà gbá wa lójú bí ìgbà tí a bá ṣí ààrò búrẹ́dì. Wọ́n ti í padà.

"Ibi báyìí ni Mósè kó wọn gbà," wọ́n wí.

"Ogójì ọdún," ọ̀rẹ́ wọn dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ó jọ pé Òyìnbó Ìdí Ìkòkò ló wa ọkọ̀ fún wọn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn kí n máa gbọ́ ẹ̀rín wọn.

A bá obìnrin àgbà kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ ibòji tí wọ́n fi aṣọ ta. Bàbá ní kí n dúró. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ọjà á tà." Obìnrin náà wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan ní èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ní "Àṣẹ." Wọ́n padà wọkọ̀ tìdùnnú-tìdùnnú, wọ́n ní ẹ ò rí nǹkan, àdúrà ni ìyá yẹn ṣe fún wa.

A ti wà lórí ìrìn fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀rẹ́ wọn tó sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò sì dún bíi ti ẹ̀fẹ̀ mọ́.

"O kí obìnrin tí o ò mọ̀ rí, ó dá ọ lóhùn."

"Ẹni tí a kọ́ nílé ni."

"Mo gbọ́. Lọ́la, ọmọ tìrẹ náà á kí ọ."

Bàbá fa àpò kékeré wọn mọ́ra.

"Máa wa ọkọ̀ rẹ," Bàbá sọ fún mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò dá a dúró.

Ní òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá títì tí a sùn lọ́jọ́ náà, Àǹtí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mo ń kó yìnyín sínú kúlà. Wọ́n ní, "Bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ wọn ti sọ tẹnu wọn. Èmi, àna ni mo jẹ́, ó níbi tí ọ̀rọ̀ mi ń dé dúró. Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ tìrẹ." Mo ní mo gbọ́, mà.

Ní àárọ̀, àyè ọ̀rọ̀ náà yọ fúnra rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti sùn lọ. Bàbá ń wo òkè tó wà lọ́nà jíjìn.

"Ṣé ó ti fẹ́yàwó?" wọ́n bi mí. Wọn ò pe orúkọ.

"Kò tíì fẹ́, sà."

"Ṣé ó sanra?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i."

Mo mọ̀ pé wọ́n ń dúró dè mí. Ohun tí mo nílò kò ju gbólóhùn kan lọ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn. Dípò ìyẹn, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa mu omi. Wọ́n ní rárá.

Mo ti rò ó dáadáa láti ìgbà náà, ìdí rẹ̀ sì hàn sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bu iyẹ̀pẹ̀ yẹn ni mo ti di àkọ́bí. Tẹ́lẹ̀, bí àlejò bá wá sílé wa, Bàbá á fi ẹ̀gbọ́n mi hàn wọ́n, wọ́n á sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nínú ìwé, wọ́n á wá ní "àbúrò rẹ̀ nìyẹn." Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ́wọ́ pé ọmọ mi rèé. Mi ò kórìíra ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò wá ibi rẹ̀. Mo kàn jókòó sórí àga rẹ̀, àga náà sì ń tù mí lára.

Ọ̀sán gangan la débẹ̀. Ilé epo náà dá dúró lẹ́bàá títì, kò sí ilé mìíràn nítòsí rẹ̀ àfi yàrá méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ti tẹ́ ọ̀dà títì tuntun sí gbogbo iwájú rẹ̀, ó dúdú kirikiri, atẹ́gùn tó wà lókè rẹ̀ ń gbọ̀n bí omi. Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé kí á má ṣe sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà, pé ilẹ̀ ibẹ̀ lè dín ẹyin. Ibòji tó wà níbi ẹ̀rọ epo ti kún fún ọkọ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan ni mo dúró sí, nínú oòrùn. Bàbá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú sàlúbàtà wọn, wọ́n sì dúró sí ibi tí òjìji ọkọ̀ bọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ó ti rù. Aṣọ iṣẹ́ alápá péńpé ló wọ̀, iwájú orí rẹ̀ ti ń pá gẹ́gẹ́ bíi ti Bàbá. Ó ń sáré, ó sún mọ́ wa, ó dín ìsáré kù, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀.

Kì í ṣe irú èyí tí àwa ọmọ òde òní máa ń ṣe, tí a máa fi ìka kan ilẹ̀ tí a máa fò dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà náà, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú ìrìn."

Bàbá ń wo òkè.

"Ọ̀rẹ́," ọ̀rẹ́ Bàbá wí, "ọmọ ń kí ọ."

Bàbá ò yíjú. Ọ̀rẹ́ wọn ṣí fìlà, wọ́n dì í mú sí àyà.

"Ọ̀rẹ́. Mo ní ọmọ ń kí ọ."

Ọkùnrin kan tó ń ra epo dá ọwọ́ dúró, ó ń wò wá. Kò pẹ́ púpọ̀. Bóyá ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn máa fi ka Àdúrà Olúwa dé ibi oúnjẹ òòjọ́. Àmọ́ mo rí apá ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń gbọ̀n láti èjìká, kò sì gbé ọwọ́ kúrò.

Èmi dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lẹ́yìn láti inú ọkọ̀. Nílé wa, bí ẹ̀gbọ́n bá wà nílẹ̀ tó ń bẹ òbí, àbúrò á lọ dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kì í sọ ọ́ fúnni. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn lọ́jọ́ tó fọ́ gíláàsì ilé ìjọsìn, mo sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmọ ohun tó ṣe. Bàbá kì í lè fi ọmọ méjì sílẹ̀ nílẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ọ̀dà náà gbóná. Kì í ṣe pé mo rò ó tí mo wá kọ̀. Mi ò kàn lọ ni.

Àǹtí ló lọ. Wọ́n wọ́ aṣọ wọn sókè díẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀gbọ́n mi.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, nítorí ẹni tó lọ…"

Wọn ò parí rẹ̀. Orúnkún wọn kan ilẹ̀, wọ́n sì fò dìde bí ẹni tí tanganran gún, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì nu orúnkún.

"Iná ni! Bùrọ̀dá, iná ni ilẹ̀ yìí."

Bàbá yíjú. Wọ́n wo orúnkún Àǹtí tó ti pọ́n. Wọ́n wo sàlúbàtà ara wọn. Wọ́n wá jáde kúrò nínú òjìji díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka méjì kan ọ̀dà, wọ́n sì fà á padà kíá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì mira.

"Dìde," wọ́n wí.

Ó jọ pé kò gbọ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì rẹ̀. Ìyá wa ló máa ń pè é fún un láàárọ̀, mi ò mọ̀ pé Bàbá mọ̀ ọ́n dé ìparí. Ohùn wọn já lẹ́ẹ̀kan, wọ́n padà mú un níbi tó ti já, wọ́n sì pè é tán. Ìgbà náà ló tó dìde.

Àwọ̀ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, ó ti ń lé roro. Àǹtí di nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n da yìnyín kúrò, kí n fi omi tútù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi bọ inú kúlà láàárín àwọn ike ọbẹ̀. Bàbá ṣí àpò kékeré wọn. Agolo òrí kan ni wọ́n mú jáde.

"Òrí ò tíì kàn, Bùrọ̀dá," Àǹtí wí. "Omi ni àkọ́kọ́."

"Bó bá kàn, kí ẹ sọ fún mi."

Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agolo náà lọ́wọ́, wọ́n ń wo omi.

"Ṣé o ò mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn gbóná ni?" wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi.

"Mo mọ̀, sà. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

"Kí ló dé tí o ò dìde?"

"Ẹ ò tíì dáhùn, sà."

Bàbá yí ìdérí agolo náà, wọ́n tún yí i padà. Ọ̀rẹ́ wọn dé fìlà padà.

"Ó ku díẹ̀ kí o fi àkọ́bí rẹ dín dòdò," wọ́n wí. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dé, a lọ sí yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ilé epo. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, sítóòfù oníná kékeré kan. Àwòrán ìyá wa wà lára ògiri, èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Bàbá jókòó sórí àga náà. Wọ́n wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì sọ̀rọ̀ láìkọjú sí ẹnikẹ́ni.

"Ìyá rẹ ń béèrè rẹ. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè rẹ, títí ọ̀rọ̀ fi wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ fún un pé o wà lọ́nà, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ìyẹn ló gbọ́ tó fi lọ."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú wọn, mi ò gbọ́ ọ rí. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ ló ń dùn wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó wo àwòrán náà, ó tún ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Àǹtí da omi gbígbóná sórí gààrì, wọ́n rò ó. Ọbẹ̀ ti yọ́. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, òrí Bàbá sì ti rí àyè tirẹ̀ ní apá rẹ̀, níbi tí roro ò dé. Wọ́n gbé àwo èbà síwájú rẹ̀. Ó wo èbà, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì wo Bàbá. Òun náà ò gbàgbé òfin ilé.

Bàbá bu òkèlè tiwọn, wọ́n dá a dúró.

"Ẹ fún un ní ṣíbí," wọ́n wí.

Àǹtí wá ṣíbí, wọ́n fi há àárín ìka rẹ̀ méjì tó yọ jáde nínú báńdéèjì. Ó ń ṣe é wúruwùru, ọbẹ̀ ń ta sí i láyà. Ọ̀rẹ́ Bàbá ní òyìnbó ti wá di méjì nínú ìdílé yìí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá yí ojú sí mi. Ojú náà ò le, ó kàn pẹ́ lára mi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìwọ tí ọwọ́ rẹ dá ṣáká," wọ́n wí nígbà tí a jẹun tán, "bu omi wá kí á fọwọ́."

Mo dìde, mo bu omi sínú abọ́. Mo kọ́kọ́ gbé e fún Bàbá, mo gbé e fún ọ̀rẹ́ wọn, mo gbé e fún Àǹtí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tí a wé sókè hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Fọ tìẹ," ó wí.

Mo gbé abọ́ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì fọ tèmi.